Kì í Ṣe Òtútù ni Kí Ẹ Bẹ̀rù: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni tí Ń Dá Ṣiṣẹ́ Nínú Yàrá ní Helsinki

  

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Ìkìrun. Bàbá náà ní ọmọ òun ọkùnrin, tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, fẹ́ kó lọ máa gbé ní Helsinki, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Fínlándì, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láti ibẹ̀. Ó ní wọ́n ti ra ẹ̀wù òtútù mẹ́ta fún un, ìyá rẹ̀ sì ti di oríṣiríṣi àgbo sínú ìgò. Ìbéèrè tí bàbá náà wá bi mí ni pé: "Ṣé òtútù ibẹ̀ kò ní pa ọmọ mi?"

Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Òtútù kò ní pa á. Àwọn àgbà ní igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ ṣeun tí ẹ tètè ń wò ó láti òkèèrè, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀ ń wò yẹn kọ́ ni igi náà wà. Ohun mẹ́ta mìíràn ni kí ẹ bẹ̀rù: òkùnkùn, iṣẹ́ tí kò mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú, àti ìdánìkanwà. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí èmi pàápàá gbé Helsinki fún ọdún mẹ́rin, láti ọdún 2019 títí di ọdún 2023. Ìwé ni mo kọ́kọ́ lọ kà. Nígbà tí mo kàwé tán ní ọdún 2021, mo rí iṣẹ́ kan gbà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan ní New York. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń ṣe é, inú yàrá mi ni mo sì ti ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ òtútù sílẹ̀. Àwọn ará Helsinki mọ òtútù jù wá lọ, wọ́n sì ti múra sílẹ̀ dè é. Fèrèsé wọn jẹ́ gíláàsì onípele mẹ́ta. Omi gbígbóná ń gba inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ wọ inú ilé wọn, ó sì ń mú kí yàrá móoru tọ̀sán tòru. Ìgbà kan wà tí òtútù ìta wọ ìwọ̀n 15 lábẹ́ òdo, tí èmi jókòó sínú ilé pẹ̀lú aṣọ àdìrẹ lásán, tí mo ń jẹ ẹ̀bà. Bí ènìyàn bá wọ aṣọ lé ara wọn ní ìpele ìpele, tí ó wọ ìbọ̀wọ́ àti fìlà tí ó bo etí, tí ó sì wọ bàtà tí kì í yọ̀ lórí yìnyín, òtútù ti di ohun tí a lè bá gbé.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ran ẹ̀wù tí a lè fi bo òkùnkùn?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, oòrùn kì í já wa kulẹ̀. Ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ọ̀sán gùn tó wákàtí 12 tàbí kí ó fi díẹ̀ dín tàbí kí ó fi díẹ̀ lé, yálà oṣù kẹfà ni a wà tàbí oṣù kejìlá. Ní Helsinki, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú náà jìnnà sí àríwá gan-an. Ní àárín oṣù kẹfà, ọ̀sán a máa gùn tó wákàtí 19, ojú ọ̀run kì í sì í ṣú tán pátápátá. Ṣùgbọ́n ní àárín oṣù kejìlá, oòrùn kò ní yọ títí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ yóò fi kọjá, yóò sì ti wọ̀ nígbà tí aago mẹ́ta ọ̀sán bá kọjá díẹ̀. Ọ̀sán kò tó wákàtí 6! Láàárín wákàtí náà pàápàá, ìkùukùu sábà máa ń bo ojú ọ̀run, oòrùn yóò sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ kọjá bí ẹni tí ó jẹ gbèsè. Àwọn ará Fínlándì ní orúkọ pàtó fún àkókò òkùnkùn yìí. Kaamos ni wọ́n ń pè é.

Ẹ wá wo bí iṣẹ́ mi ti rí. Aago Helsinki fi wákàtí 7 ṣáájú aago New York. Nígbà tí àwọn ọ̀gá mi bá dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù lọ́dọ̀ mi, ilẹ̀ sì ti ṣú. Nígbà tí wọ́n bá ń lọ sílé, aago méjìlá òru ni lọ́dọ̀ mi. Ṣé wọ́n tilẹ̀ ń jẹ́ kí n lọ ní aago méjìlá? Ìwé kan yóò dé pé "jọ̀wọ́, ṣe èyí kí o tó sùn," òmíràn yóò tún tẹ̀ lé e. Ó di aago méjì, ó di aago mẹ́ta òru. Bí mo bá sùn, aago mọ́kànlá tàbí méjìlá ọ̀sán ni mo ń jí. Kí n tó wẹ̀, kí n tó se oúnjẹ, oòrùn ti ń palẹ̀ mọ́. Báyìí ni mo ṣe lo gbogbo oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá ọdún 2021 láìfi ojú kan oòrùn ju ìgbà mẹ́ta lọ.

Kí ni ojú mi rí? Èkínní, oorun. Mo ń sùn fún wákàtí mẹ́wàá, síbẹ̀ mo ń jí bí ẹni tí kò sùn rárá. Èkejì, oúnjẹ. N kò fẹ́ oúnjẹ gidi mọ́, àfi búrẹ́dì àti ohun dídùn, mo sì ń sanra. Ẹ̀kẹta, itan àti ẹ̀yìn ń dùn mí bí ẹni tí ó roko. Ẹ̀kẹrin, èyí tí ó burú jù, ni pé ohunkóhun kò wù mí mọ́. Ọ̀rẹ́ pè mí, n kò dáhùn. Mo ń sunkún láìmọ ìdí tí mo fi ń sunkún.

Ìyá mi a máa pè mí láti Òṣogbo lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara ẹni. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó ní, "Àjọkẹ́, tan iná yàrá rẹ kí n rí ojú rẹ." Iná ń jó. Ojú mi ni ó ṣú. Mo dá wọn lóhùn pé, "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá, ẹ̀rọ yìí ni kò ríran dáadáa. Mo wà dáadáa." Irọ́ ni mo pa fún ìyá mi. Mo ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, gbogbo ẹbí sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ àwọn ń ṣe dáadáa. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún wọn pé inú yàrá tí ó móoru, lórí àga tí ó rọ̀, ni nǹkan ti ń pa mí lára?

Ẹni tí ó gbà mí ni ìyá arúgbó kan, ará Fínlándì, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ẹ mọ̀ pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ kì í kí ara wọn bíi tiwa. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi gbé ibẹ̀ tí a kò ṣe ju kí a mi orí sí ara wa lọ. Mo ti rò pé kò rí mi sójú rárá. Ó wá kan ilẹ̀kùn mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó ní ilé oru tí gbogbo wa jọ ń lò lábẹ́ ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní sauna, ọjọ́ Ẹtì ni a yàn fún mi níbẹ̀, òun sì rí i pé n kò wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó tún ní bí òun bá dìde lóru, òun máa ń rí iná lábẹ́ ilẹ̀kùn mi. Lẹ́yìn náà ó bi mí ní ìbéèrè kan tí dókítà kankan kò tíì bi mí rí: "Ǹjẹ́ o ti jáde sínú ìmọ́lẹ̀ lónìí?"

N kò lè dá a lóhùn. Ẹkún ni mo bú sí. Ìyá náà kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí n wọ bàtà. A rìn lọ sí etí òkun, a rìn padà. Ọjọ́ kejì ni ó mú mi lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà yẹ̀ mí wò, ó gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó sì ṣàlàyé ohun méjì fún mi. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa, nítorí pé àlàyé náà kan gbogbo ènìyàn dúdú tí ó wà ní ilẹ̀ òtútù.

Àkọ́kọ́ ni pé ojú wa ni ó ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ara a máa pèsè ohun kan tí ń mú oorun kun ènìyàn. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ni ó ń sọ fún ara pé kí ó dáwọ́ dúró. Ẹni tí kò bá rí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, ara rẹ̀ kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́, ìrẹ̀wẹ̀sì a sì wọlé. Ọ̀mọ̀wé Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe àpèjúwe àìsàn yìí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1984. Ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ni ọkùnrin náà ti wá. Ara òun fúnra rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ìyípadà yìí nígbà tí ó kúrò nínú oòrùn ilé wọn lọ sí New York. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe pé ayé ń ṣe ọmọ. Àìsàn ni, ó sì ní ìwòsàn.

Èkejì ni fítámínì D, tí ń mú egungun àti iṣan le. Oòrùn ara wa ni ó ń fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní Helsinki, láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta, oòrùn lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìtànṣán rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bí ènìyàn tilẹ̀ dúró síta láti àárọ̀ di alẹ́. Ti àwa aláwọ̀ dúdú tún wá burú sí i, nítorí pé dúdú ara wa, tí ó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn gbígbóná nílé, ni ó ń dí ìwọ̀nba èyí tí a bá rí lọ́wọ́ níbẹ̀. Àwọn ará Fínlándì mọ èyí. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ń fi fítámínì yìí kún mílíìkì. Àwọn onímọ̀ wọn sì ń gba àgbàlagbà tí kì í jẹ ẹja tàbí mu irú mílíìkì bẹ́ẹ̀ níyànjú pé kí ó lo máíkírógíráàmù 10 lójoojúmọ́ ní ìgbà òtútù. Ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ń kọ́? Àgbo ni ó ń mu.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èrò ọkàn mi lórí iṣẹ́ náà. Láti ìgbà tí àrùn Kòrónà ti dé ní ọdún 2020 ni iṣẹ́ inú ilé ti di iṣẹ́ ńlá káàkiri ayé. N kò bá a jà. Ó mú kí èmi jẹun. Ṣùgbọ́n èmi lòdì sí àwọn tí ń sọ pé ẹni tí ó ń jókòó nínú yàrá ṣiṣẹ́ kò ṣe wàhálà. Ẹni tí ó ń lọ sí ọ́fíìsì ní ilẹ̀kùn tí ó ń tì lẹ́yìn ara rẹ̀ bí ó bá ń padà sílé. Iṣẹ́ inú yàrá kò ní ilẹ̀kùn. Ìwọ àti iṣẹ́ ni ẹ jọ ń sùn, ẹ̀yin méjèèjì náà ni ẹ jọ ń jí. Òfin Fínlándì sọ pé wákàtí 8 lóòjọ́ àti wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó wà ní òkè òkun kejì kì í wo ìwé òfin ibi tí o ń gbé. Ìwọ fúnra rẹ ni yóò ṣe òfin fún ara rẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Àwọn Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé kéde ní ọdún 2021 pé ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 55 lọ́sẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu rọpárọsẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 pọ̀ lára rẹ̀ ju ti ẹni tí ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Owó dọ́là dára o, ṣùgbọ́n kò sí dọ́là tí a lè fi ra ẹsẹ̀ tí rọpárọsẹ̀ bá mú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, tàbí tí ẹ ń lọ, ohun tí mo ṣe tí ara mi fi yá nìyí.

Èkínní: Ẹ jáde nínú ìmọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 30, kí ọ̀sán tó pọ́n jù. Ìkùukùu kò ṣe nǹkan kan, ìmọ́lẹ̀ ìta nígbà ìkùukùu ṣì pọ̀ ju ti iná inú yàrá lọ. Igbó ńlá kan wà nínú Helsinki tí wọ́n ń pè ní Keskuspuisto, ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 10. Ọ̀fẹ́ ni.

Èkejì: Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa fìtílà ìmọ́lẹ̀ líle tí a ń gbé sí iwájú ẹni ní àárọ̀. Ìwọ̀n 10,000 lux fún ìṣẹ́jú 30 ni a sábà ń lò. Ẹni tí ojú ń dùn, tàbí tí inú rẹ̀ máa ń ru sókè ju bó ti yẹ lọ nígbà mìíràn, kò gbọdọ̀ lò ó láìbá dókítà sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta: Ẹ lo fítámínì D bí dókítà bá ti wí. Ẹ má ṣe lò ó bí ẹ̀pà. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ máa jẹ ẹja. Ẹja ọlọ́ràá kò wọ́n ní Helsinki, ọjà ẹja ṣáwá tí wọ́n ń ná ní etí òkun wọn lóṣù kẹwàá ọdọọdún ti wà láti ọdún 1743.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ fún iṣẹ́ ní ilẹ̀kùn. Èmi kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá mi pé bí aago méjìlá òru bá ti lù, n kò sí mọ́, mo sì ń gbé kọ̀ǹpútà sínú àpótí, mo ń tì í. Ẹ̀rù bà mí pé wọn yóò lé mi. Wọn kò lé mi. Wọ́n tilẹ̀ gbà pé kí n máa bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, kí n sì parí ní aago mẹ́wàá alẹ́. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, ẹnu tí a sì fi ń jẹun náà ni a fi ń sọ pé ó tó.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ má ṣe dá jókòó. Ilé ìkàwé ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Oodi wà ní iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, wọ́n ṣí i ní oṣù kejìlá ọdún 2018. Tábìlì àti íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, a kì í gba kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí i jókòó ní òwúrọ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ ohùn ọmọdé. Bí àwọn ará ilé yín bá pe talkoot, ẹ lọ. Ọ̀wẹ̀ ni. Gbogbo ará ilé yóò jọ gbálẹ̀, wọn yóò jọ ro àyíká, wọn yóò sì jọ mu kọfí. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn ènìyàn tí mo pè ní odi mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ̀kẹfà: Sauna dára fún ara àti fún ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ó tó wọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe mu ọtí wọ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọtí lé òkùnkùn rárá, nítorí òkùnkùn mìíràn ni ọtí náà.

Ẹ̀keje: Bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà. Kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ni òkùnkùn ń fà. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò tó, ó sì lè jẹ́ àìsàn mìíràn. Bí ó bá dé ojú ẹ̀ pé ikú ń wu ènìyàn, kí ó má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Nọ́ńbà 112 ni a ń pè ní gbogbo Fínlándì fún pàjáwìrì.

Mo padà sọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin òbí tí ẹ wà nílé. Nígbà tí mo sọ òtítọ́ fún ìyá mi nígbẹ̀yìn, wọ́n dákẹ́ pẹ́ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Èwo ni kí n fi owó ṣe bí n kò bá rí ọ?" Láti ọjọ́ náà, wọ́n yí ìbéèrè wọn padà. Wọn kò bi mí mọ́ pé, "Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa?" Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé, "Ta ni o bá sọ̀rọ̀ lónìí? Ìgbà wo ni o sùn?" Ẹni tí a bá bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò lè fi "mo wà dáadáa" lásán dáhùn. Ẹ̀yin náà, ẹ máa bi àwọn ọmọ yín bẹ́ẹ̀. Bí owó oṣù kan bá sì pẹ́, ẹ má ṣe tètè bínú. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n àwa tí a wà nílé ni a sábà máa ń fi ọpẹ́ àti ìbéèrè owó pa ọmọ wa lẹ́nu mọ́.

Bàbá mi ní Ìkìrun, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ. Ìlú dáadáa ni Helsinki, omi ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́, ọ̀nà rẹ̀ kò léwu, oṣù kẹfà rẹ̀ sì dùn ún wò ju ohun tí mo lè kọ sílẹ̀ lọ. Ẹ yọ ẹ̀wù kan kúrò nínú ẹ̀wù mẹ́ta náà. Ẹ fi ìwé ìròyìn yìí sí àyè rẹ̀ nínú àpótí. Kí ó tó gbéra, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì bá a dá àdéhùn kan: pé ní ọjọ́ tí ara kò bá dá a, yóò sọ ọ́, ẹnikẹ́ni nílé kò sì ní pè é ní ọ̀lẹ.

Ìlera lọrọ̀.